Ẹ̀rí Tí Ìyá Ìbíyẹmí Jẹ́

Ẹnikẹ́ni tó bá mọ Tíṣà Agnes Ọláfimíhàn ní Ègbẹ́dá nígbà náà yóò sọ fún yín pé obìnrin náà kì í purọ́. Lọ́dún kan, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀ nílé lọ́jọ́ Sátidé, nítorí pé ó ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọ mọ́kànlélógójì ló wá sí kíláàsì òun lánàá, ó wá rántí pé ogójì ni. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Tíṣà, ẹ jàre, ẹ lọ sinmi." Ó kọ̀, ó dúró títí wọ́n fi fún un ní báírò kó fi tún un ṣe. Èkìtì ló ti wá, ọkọ rẹ̀ ti kú, yàrá méjì ló háyà lẹ́yìn ọjà, ọmọ kan ṣoṣo ló sì ní láyé. Nítorí náà, bí mo bá sọ fún yín pé ẹnu obìnrin yìí kan náà ló ba ọ̀nà ọmọ rẹ̀ jẹ́, ẹ má sáré bá mi jà. Èmi náà ò kọ́kọ́ gbà.

Ìbíyẹmí ni ọmọ náà ń jẹ́. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni lọ́dún 1991 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere títí tó fi pé ọmọ ọdún méjìlá, kí kinní kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú ní àárín gbùngbùn ojú kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ẹnì kan ń fi àtàǹpàkò bò ó láti inú wá. Àwọn dókítà fún un ní oògùn tí wọ́n ń kán sójú, wọ́n fún un ní gíláàsì, nígbẹ̀yìn wọ́n fún un ní ìwé tó sọ pé kò sí ohun tí àwọn lè ṣe mọ́. Igun ojú nìkan ló kù tó fi ń rí nǹkan fìrìfìrì. Bó bá fẹ́ rí ọ, yóò gbé ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń bá ọ ṣọ̀tá. Bó bá sì wò ọ́ tààrà, a jẹ́ pé kò rí ọ rárá. Àwọn àlejò kì í mọ èyí, wọ́n á ní ọmọ náà ya aláfojúdi, ìyá rẹ̀ ni yóò sì máa ṣàlàyé fún gbogbo àdúgbò bí wọ́n ṣe ń ka ojú Ìbíyẹmí.

Eré sísá ló gbà á lọ́wọ́ ìbànújẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀dé, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá nílé-ìwé kan ní Ìgàndó, rí i lọ́jọ́ kan níbi tó ti ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé-ìwé náà, tó ń fi igun ojú ṣọ́ ọ̀dà funfun tí wọ́n kùn sí ẹsẹ̀ ògiri. Ó ní kó tún un sá. Ìbíyẹmí tún un sá. Ọkùnrin náà ṣí fìlà, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló bí ọ ná?" Láti ọjọ́ náà ni gbogbo Ìgàndó ti ń pè é ní Kóòṣì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyọ ènìyàn kan péré ló ń kọ́ ní eré sísá.

Pápá ilé-ìwé náà kì í ṣe pápá tí ènìyàn ń fi yangàn. Ilẹ̀ pupa ni, pẹ̀lú koríko níhìn-ín àti ihò lọ́hùn-ún, kò sì sí ìlà kankan lórí rẹ̀. Tíṣà Agnes ló ń ṣa àjákù ṣọ́ọ̀kì ní kíláàsì, tó ń rẹ ẹ́ sínú korobá omi, tó sì ń tẹ̀ ba láàárọ̀ Sátidé láti fa ìlà méjì tó fẹ̀ dáadáa, kí ọmọ rẹ̀ lè máa rí ọ̀kan ní igun ojú ọ̀tún, kó sì rí ìkejì ní igun ojú òsì. Ní ibi kọ́nà, níbi tí ìlà ti máa ń sọnù mọ́ ọn lójú, Kóòṣì á dúró síbẹ̀, á máa pàtẹ́wọ́, ọmọ náà á sì tẹ̀ lé ohùn àtẹ́wọ́ yìí. Irinwó mítà ni eré tirẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, orúnkún rẹ̀ kì í gbẹ fún ojú ọgbẹ́. Nígbà tó di ọdún kẹta, ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta ló fi ń sá a, Kóòṣì á sì máa wo aago ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí aago ń tàn jẹ.

Ìgbà náà ni kọmití tó ń rí sí eré àwọn aláàbọ̀ ara kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí yóò lọ bá àgbáyé sáré ní òkè òkun nínú oṣù Kẹjọ. Orílẹ̀-èdè wa tóbi lórí máàpù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú eré yìí ọmọ kékeré ni wá nígbà náà. Bí àwọn kan ṣe ń kó ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ, ènìyàn mẹ́fà ni tiwa. Ìbíyẹmí ni ìkẹfà. Àwọn tí ojú wọn bàjẹ́ bíi tirẹ̀ ni wọn yóò jọ sáré, lẹ́yìn tí dókítà bá ti fọwọ́ sí i pé ojú náà bàjẹ́ ní tòótọ́.

"Màámi," ni Ìbíyẹmí wí lọ́jọ́ tí ìwé náà dé, "ẹ mọ ohun tó ń dùn mọ́ mi jù? Gbogbo wa tí a máa tò sórí ìlà lọ́hùn-ún, kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ dá. Tí n bá borí wọn, mo borí wọn nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò ní káàánú mi pé, 'O kú ìyà.' Mi ò tíì ṣe nǹkan kan láyé mi tí wọn ò fi àánú kí mi pé, 'O kú ìyà.'"

Inú ìyá rẹ̀ dùn, ó gbé e mọ́ra. Ṣùgbọ́n bí inú rẹ̀ ṣe ń dùn náà ni nǹkan kan ń gún un lọ́kàn, nítorí ohun tó ti ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọdún mẹ́wàá kì í ṣe eré sísá. Ojú ló ń tọrọ.

Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni Agnes láti Èkìtì wá. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ló mú un lọ sí Ìjọ Ìkórè Ayọ̀ ní Bárúwà, ìjọ kékeré tí wọ́n fi páànù bò, níbi tí Pásítọ̀ Akínbọ́lá ti ń wàásù. Ẹ̀kọ́ wọn níbẹ̀ ni pé ẹnu ni a fi ń gba ìwòsàn kí ara tó gbà á. Ẹni tó bá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ Ọlọ́run gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti rí i gbà, kò sì gbọdọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ òdìkejì, àní lójú àlá. Ó ṣòro fún Agnes níbẹ̀rẹ̀, òun tó máa ń torí ọmọ kan tún ìwé ṣe. Bí àwọn aládùúgbò bá béèrè pé, "Ojú Ìbíyẹmí ńkọ́?" á gbé itọ́ mì ná, kó tó ní, "Ó ti dá pátápátá." Mọ̀dínátù tí wọ́n jọ ń gbélé á wo ilẹ̀. Nígbà tó di oṣù mẹ́ta, kò gbé itọ́ mì mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ ọn lẹ́nu bí ẹni ń kí ènìyàn káàárọ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù Kẹfà, nígbà tí Ìbíyẹmí wà ní pápá ní Ìgàndó, ìyá rẹ̀ jáde láti jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tó fẹ́ sọ kò ju pé òun gbàgbọ́ pé Ọlọ́run yóò la ojú ọmọ òun. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti di máíkì mú rí níwájú ìjọ tó gbóná, ẹ̀yin náà mọ̀ pé máíkì ní agbára tirẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́run ti la ojú ọmọ mi." Wọ́n pariwo alelúyà. Ó ní, "Ó ń ríran kedere!" Páànù fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí lórí wọn. Kó tó mọ̀, ó ti fi kún un pé láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, Ìbíyẹmí ka Sáàmù kẹtàlélógún fún òun láti inú Bíbélì. Ibo ló ti rí èyí, ẹ má bi mí. Oníyàwòrán ìjọ ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe la ẹnu tó na ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn kékeré tí ìjọ ń pín lóṣooṣù. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́, ṣùgbọ́n ti Agnes kò tíì ró lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Keje ló ró. Kóòṣì Báyọ̀dé wọlé láì kan ilẹ̀kùn, ìwé ìròyìn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbíyẹmí ń fọ bàtà kánfáàsì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lèyí?"

Agnes wo fọ́tò ara rẹ̀. "Ìjẹ́rìí ni, Kóòṣì."

"Mo mọ̀ pé ìjẹ́rìí ni. Mo ti kà á. Kọmití náà ti kà á. Ìyàwó akọ̀wé wọn wà nínú ìjọ yín, òun ló mú un lọ sílé. Wọ́n ń bi mí pé ṣé mo fẹ́ kí àwọn gbé ẹni tó ń ríran lọ sójú ayé, kí wọ́n lé gbogbo wa wálé. Ènìyàn mẹ́fà, Màmá! Wọn ò tíì mọ̀ wá níbẹ̀ dáadáa, ká tún wá di oníjìbìtì."

Ìbíyẹmí ti dé ẹnu ọ̀nà, omi ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. "Kóòṣì, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀? Ẹ kà á fún mi."

Kóòṣì wo ìyá, ó wo ọmọ, ó sì kà á. Nígbà tó dé ibi Sáàmù, Ìbíyẹmí béèrè ní ohùn kékeré pé, "Láàárọ̀ wo?"

Kóòṣì jókòó, ó ṣàlàyé. Ìwé dókítà tó wà lọ́wọ́ kọmití ti lé lọ́dún kan, kò lè sọ bí ojú náà ṣe rí lónìí. Wọn ì bá ní kí wọ́n tún ojú náà yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ keje rèé tí àwọn dókítà ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni orúkọ gbọ́dọ̀ kúrò ní Nàìjíríà. Kọmití yóò jókòó lọ́jọ́bọ̀, bí ìyá tó jẹ́rìí bá sì lè wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ lásán ni, orúkọ Ìbíyẹmí yóò dúró.

"Gbólóhùn kan péré ni, Màmá. 'Ọmọ mi ò ríran dáadáa.' Ó parí. Ẹ ò ní bá wọn jiyàn, ẹ ò ní kọ lẹ́tà."

Agnes mi orí pé òun gbọ́. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí gbólóhùn yẹn ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn.

Lọ́jọ́rú, ó lọ bá Pásítọ̀ Akínbọ́lá. Ì bá rọrùn fún mi láti sọ pé olè ni ọkùnrin náà, kí n lè rí ẹni bú. Kì í ṣe olè. Ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà dópin.

"Màmá," ló wí, "ìyàwó mi àkọ́kọ́ ṣàìsàn oṣù mẹ́rin. Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ pé ara rẹ̀ ti yá. Lọ́jọ́ kan ó rẹ̀ mí, mo sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, 'Ẹ jẹ́ ká gbà, kò lè dìde mọ́.' Ilẹ̀ ọjọ́ náà ò ṣú tó fi kú. Èmi ò ní sọ fún yín pé kí ẹ lọ, mi ò sì ní sọ pé kí ẹ má lọ. Mo kàn ń sọ tèmi fún yín ni." Omi wà lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Bó bá halẹ̀ mọ́ Agnes ni, ì bá sàn.

Nígbà tó délé, Ìbíyẹmí ti fọ aṣọ tí ìyá rẹ̀ yóò wọ̀ lọ, ó ti lọ̀ ọ́, ó sì fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Màámi, ẹ máa sọ ọ́ lọ́la, àbí?"

"Màá sọ ọ́."

"Ojú yìí ti lọ, Màámi. Mo ti sunkún rẹ̀ tán. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹsẹ̀ mi lèmi rí nígbà tí mò ń sunkún. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi." Ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. "Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́."

Agnes la ẹnu. Ikọ́ ló jáde. "Lọ́la," ló wí, "ibẹ̀ ni màá ti sọ ọ́."

Mólúè ni wọ́n wọ̀ láti Ìyánà-Ìpájà lọ sí Sùúrùlérè. Yàrá kékeré kan lẹ́bàá pápá ìṣeré ni kọmití ti ń jókòó, tábìlì kan, àga díẹ̀, ẹni mẹ́ta lẹ́yìn tábìlì. Alága wọn jẹ́ bàbá arúgbó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan rọ láti kékeré, ọ̀pá tó fi ń rìn wà ní ìgbátí ògiri. Akọ̀wé jókòó sí ọ̀tún rẹ̀ pẹ̀lú bébà àti báírò. Wọ́n fún Agnes ní àga láàárín yàrá. Kóòṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìbíyẹmí jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gbé ojú sí ẹ̀gbẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, ó ń wo ìyá rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá," ni alága wí. "A ò pè yín láti dójú tì yín. Gbogbo wa la ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wa la mọ̀ bí ìjẹ́rìí ṣe máa ń rí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni. Ṣé ọmọ yín ń ríran, àbí kò ríran?"

Gbólóhùn náà wà lẹ́nu Agnes. Ó ti tò ó tán, láti Ègbẹ́dá wá ló ti ń tò ó. Ó yíjú wo ọmọ rẹ̀ kó lè rí agbára sọ ọ́, ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni Ìbíyẹmí sì yí orí padà, tó kọjú sí ìyá rẹ̀ tààrà, ẹyin ojú méjèèjì lórí rẹ̀, láì ṣẹ́jú. Ọdún mẹ́wàá rèé tí Agnes ò ti rí irú ìwò bẹ́ẹ̀ lójú ọmọ náà. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Agnes wí nínú ara rẹ̀ pé: Ó ń wò mí! Gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ojú yẹn, gbogbo ohun tó ti ń ṣàlàyé fún àdúgbò, ló fò lọ kúrò lórí rẹ̀ pátá. Bó bá jẹ́ pé ìsinsìnyí ni ìwòsàn náà ń bọ̀ ńkọ́? Bó bá ti dé ẹnu ọ̀nà, tí òun, ìyá, wá fi ẹnu ara òun lé e padà, bí Pásítọ̀ ṣe fi ẹnu rẹ̀ sin ìyàwó rẹ̀?

"Ó ń ríran," ni Agnes wí. "Ní orúkọ Jésù, ọmọ mi ń ríran."

"Màmá!" ni Kóòṣì ké.

Alága bọ́ gíláàsì rẹ̀. "Ẹ rọra, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n tún un bi yín."

Ó tún un bi í. Agnes tún un sọ, sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀.

"Sà, mi ò ríran," ni Ìbíyẹmí wí, ó ti dìde. "Ẹ dán mi wò. Ẹ kọ nǹkan kí ẹ ní kí n kà á."

"Ẹni tó fẹ́ wọ bààlúù lọ sí òkè òkun," ni akọ̀wé dáhùn, "kí ló máa kà? Ó kàn máa ní òun ò rí i ni."

Alága wo ọmọbìnrin náà títí. "Ọmọ mi, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ lò ń sọ. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn ṣọ́ọ̀ṣì ti wà nílẹ̀, ẹnu ìyá rẹ sì ti bá a mu. Bí wọ́n bá bi mí lọ́hùn-ún pé ta ló sọ fún mi pé o fọ́jú, ta ni màá dárúkọ?"

Nígbà tí wọ́n dé ibùdókọ̀, Kóòṣì ti bá tirẹ̀ lọ láì dágbére. Agnes ò tíì mọ ohun tó ṣe. Ayọ̀ kan tí ẹ̀rù wà nínú rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n lára rẹ̀.

"O wò mí," ló wí. "Ìbíyẹmí, o wò mí tààrà."

Ìbíyẹmí gbé ojú sí ẹ̀gbẹ́ láti wò ó. "Mo kọjú sí yín gan-an kí n má baà rí yín ni, Màámi. Mo mọ̀ pé ó máa tì yín lójú láti sọ ọ́. Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mò ń wo ìtìjú yín."

Agnes jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n lọ̀. Òun tó bí i, òun tó kọ́ gbogbo Ègbẹ́dá bí wọ́n ṣe ń ka ojú náà, òun ló ṣì í kà. Nígbà tó ráyè mí, ó dìde, ó sáré padà sí yàrá kọmití, ẹkún ti gba ohùn rẹ̀. "Mo purọ́!" ló ń ké. "Ọmọ mi ò ríran! Ó fọ́jú, ẹ gbà mí, ó fọ́jú!" Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ọ̀rọ̀ náà, 'fọ́jú', jáde lẹ́nu rẹ̀ láyé.

Alága ti lọ. Akọ̀wé nìkan ló kù, ó ń to bébà. "Màmá, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ sọ pé ó ń ríran. Ẹ wá ń sọ pé kò ríran báyìí. Èwo ni ká gbà?" Wọ́n ti fi orúkọ ọmọkùnrin kan láti Kàdúná rọ́pò, ó ní. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kì í purọ́ ṣe sọ òótọ́ tán, tí wọn ò gbà á gbọ́.

Àwọn mẹ́fà fò lọ nínú oṣù Kẹjọ. Ìròyìn wọn jáde lórí rédíò Mọ̀dínátù, Mọ̀dínátù sì sáré yí i kúrò níbẹ̀. Ìbíyẹmí ò sọ ọ̀rọ̀ burúkú kan sí ìyá rẹ̀. Ó ń dá a lóhùn, ó ń bá a fọ abọ́, ó ń kí i káàárọ̀. Agnes ì bá fẹ́ kó bú òun.

Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé Bárúwà pé Ìyá Ìbíyẹmí sẹ́ ẹ̀rí rẹ̀ ní Sùúrùlérè, pé ó fi ẹnu ara rẹ̀ ké pé òun purọ́. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń kọrin ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Ọ̀rọ̀ dé ilé-ìwé pẹ̀lú, àwọn ọmọ kíláàsì ń sọ ọ́ lábẹ́ tábìlì pé Tíṣà ni òpùrọ́. Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án fi máa parí, Agnes ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, ó ń ṣe bí aláìsàn láti má lọ sí kíláàsì, kì í sì jẹun ju ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ lórí itan. Lọ́jọ́ kan, Ìbíyẹmí fọwọ́ kan apá rẹ̀, ó sì mọ bó ṣe rù tó.

Kóòṣì padà wá nínú oṣù Kẹwàá. Àwọn dókítà ti padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ti fún Ìbíyẹmí ní ìwé tuntun. Ìdíje kan ń bọ̀ ní Accra lọ́dún tó ń bọ̀, alága sì ti sọ fún un níkọ̀kọ̀ pé àwọn lè tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. "Kí ẹ̀yin méjèèjì ṣáà pa ẹnu mọ́," ni Kóòṣì wí. "Kí ọ̀rọ̀ ìjẹ́rìí yẹn kú pátápátá. Bí ẹnikẹ́ni bá tún gbọ́ ọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì kankan, ó parí nìyẹn, mi ò ní lè bẹ̀ wọ́n mọ́." Agnes kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àgbàlagbà obìnrin. Ìbíyẹmí bá Kóòṣì dé ọ̀nà, nígbà tó padà wọlé, ó ní, "Màámi, ẹ mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yín lọ́jọ́ Ìsinmi."

Agnes rò pé ọmọ òun ti dárí ji òun, pé ó fẹ́ kí àwọn jọ gbàdúrà. Ó wọ aṣọ tó dára, ó jẹun dáadáa láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì jókòó sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n pe àwọn tó fẹ́ jẹ́rìí, Ìbíyẹmí dìde. Ìyá rẹ̀ di aṣọ rẹ̀ mú, aṣọ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà rin àárín ìjọ lọ, ó rọra ń fi ìka tọ́ etí àga kọ̀ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni ò fi kíyè sí i, ó sì gba máíkì.

"Orúkọ mi ni Ìbíyẹmí Ọláfimíhàn," ló wí. "Mo gbọ́ pé wọ́n ní ìyá mi jẹ́rìí èké. Ìyá mi ò purọ́. Mo ríran. Láti oṣù Kẹfà ni mo ti ríran. Mo ka Sáàmù kẹtàlélógún fún wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà." Ó sì ka Sáàmù náà bó ṣe mọ̀ ọ́n sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n.

Ariwo sọ. Àwọn ènìyàn gun orí àga. Pásítọ̀ Akínbọ́lá bo ojú, ó ń sunkún bí ọmọdé. Oníyàwòrán ìjọ sáré wá síwájú, iná kámẹ́rà rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún mọ́lẹ̀, Agnes sì mọ ibi tí fọ́tò yẹn yóò dé kí oṣù tó parí. Ó fi agbára la àwọn ènìyàn kọjá títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó gbá a lọ́wọ́ mú.

"Kí lo ṣe yìí? Ìbíyẹmí, Accra ńkọ́? Accra ńkọ́?"

Ìbíyẹmí fi ẹnu sí i létí kó lè gbọ́ láàárín ariwo. "Nínú àwa méjèèjì, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jẹ́ òpùrọ́, Màámi. Ẹ ò lè gbé e. Ó ń pa yín lọ. Èmi á gbé e."

Dùùrù ti gbérin. Àwọn obìnrin tí kò kí Agnes láti oṣù Kẹjọ dì mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń fi gèlè nu ojú rẹ̀, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ji àwọn. "Ẹ jó, Màmá!" ni Pásítọ̀ ń ké. "Ẹ jó fún Olúwa!" Agnes wo ojú ọmọ rẹ̀, ó wo gbogbo ìjọ tó ń dúró dè é, ó sì jó. Ó jó títí orin fi parí, nítorí bí kò bá jó, wọ́n á mọ̀.